Bí Wọ́n Bá Fi Àlejò Tí Kò Níwèé Sùn: Ìlàlóye fún Ará Ewékorò

Láti Ìtòrí dé Papaláǹtò, àwọn ará Benin, Tógò àti Niger wà láàárín wa. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń yọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń po sìmẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí ìjà owó ilé tàbí owó iṣẹ́ bá dé, ọ̀rọ̀ tó máa ń yára jáde ni: “Màá lọ fi ẹ́ sun Ìmígíréṣọ̀n!” Ìwé yìí sọ ohun tí òfin ní kó tẹ̀ lé e.

Ta ni kò níwèé?

Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà láyè láti wọ Nàìjíríà láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ohun tó gbọ́dọ̀ mú dání ni ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gba ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá gba ọ̀nà igbó wọlé kò ní òǹtẹ̀ ẹnubodè nínú ìwé rẹ̀, kò sì ní ẹ̀rí pé 90 ọjọ́ òun kò tíì pé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kó sí wàhálà.

Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS ní 29 oṣù Kìn-ín-ní, 2025, ṣùgbọ́n ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn títí di ìgbà tí wọ́n bá kéde nǹkan mìíràn.

Ẹ má fi ohùn mọ àjèjì, torí Yorùbá wà ní ìhà méjèèjì ààlà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pa ààlà ní 1889 tí Kétu fi bọ́ sí Benin, tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìfisùn?

1. Àjọ Ìmígíréṣọ̀n ni Òfin Ìmígíréṣọ̀n ọdún 2015 gbé iṣẹ́ yíyẹ ìwé àlejò wò lé lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ fijilanté tàbí onílé.

2. Wọn yóò béèrè orúkọ, ìlú, ọ̀nà tó gbà wọlé àti ọjọ́ tó dé, wọn yóò sì yẹ ìwé rẹ̀ wò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

3. Bí wọ́n bá mú un, abala 35 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ó lè dákẹ́ títí tí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ó sì lè ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀.

4. Wọ́n lè ní kó lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe, wọ́n sì lè dá a padà sílé. Bó bá jẹ́ ọmọ ECOWAS ni wọ́n fẹ́ lé, àdéhùn 1979 ní kí wọ́n sọ fún òun àti ìjọba rẹ̀, kí wọ́n dáàbò bo ìdílé rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀. Ìjọba tó lé e ni yóò san owó ọkọ̀.

5. Ẹni tí wọ́n tàn wá tàbí tí wọ́n ń fi tipá mú ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò. Ẹni tó sá fún ogun sì lè béèrè ààbò, wọn kò gbọdọ̀ dá a padà síbi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

Ilé ìwòsàn ńkọ́?

Òfin Ìlera ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Àṣírí sì ni àkọsílẹ̀ aláìsàn. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sílé nítorí ìwé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má lu àlejò tí kò níwèé. Ẹ má gba fóònù tàbí owó rẹ̀. Ọ̀gá tí kò fẹ́ san owó iṣẹ́ kò lè fi ìfisùn pa gbèsè rẹ́. Lílé àlejò ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà rí: ní oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò sì fi ilé àti ọjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní, 1983, Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan di ẹrù wọn sínú báàgì tí a ń pè ní Ghana-must-go títí dòní.

Kí ni kí ẹ ṣe báyìí?

Ẹ̀yin àlejò, ẹ gba ẹnubodè wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ìwé yín ní òǹtẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ pamọ́. Kí 90 ọjọ́ tó pé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n ní Abẹ́òkúta. Àǹfààní olóṣù mẹ́fà tí ìjọba fi fún àwọn tí kò níwèé láti forúkọ sílẹ̀ láìsanwó ti parí ní oṣù Kìn-ín-ní, 2020. Ẹni tó bá ṣì ń fi í gbowó lọ́wọ́ yín, oníjìbìtì ni.

Ẹ̀yin onílé àti ọ̀gá iṣẹ́, ẹ wo ìwé àlejò kí ẹ tó gbà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìjà bá dé. Bó bá di ọ̀ràn owó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ilé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ olè tàbí ìwà ipá, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè.