Ọkọ̀ Àsálà Líle: Ohun tó Yẹ kí Olówó Ọkọ̀ Wò Kó Tó Rà Á

Ẹni tó ní ọkọ̀ apẹja tàbí ọkọ̀ iṣẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀sà jáde sójú òkun, yálà láti Èkó, láti Àgbádárìgì tàbí láti etíkun Ìlàjẹ, ni a kọ ìwé yìí fún. Ẹni tí kì í kọjá ọ̀sà lè fi í sílẹ̀ ná. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó dára, tí oníkálukú wọ̀ sọ́rùn tó sì dè dáadáa, ni kó kọ́kọ́ náwó lé.

Oríṣi ọkọ̀ àsálà méjì ni òfin àgbáyé mọ̀. Ti rọ́bà wà nínú àpótí funfun roboto. Wọ́n ká a síbẹ̀ ni, agolo gáàsì inú rẹ̀ ló sì ń fẹ́ ẹ nígbà tí ẹnì kan bá fa okùn. Líle ni èkejì. Fáíbà tàbí ọ̀rá líle ni wọ́n fi ṣe é, fóòmù ló kún inú ògiri rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fẹ́. Bó ṣe jókòó lórí ọkọ̀ yẹn náà ni yóò ṣe bọ́ sómi, tí yóò sì léfòó.

Kí ló dé tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ti líle?

Ọkọ̀ àsálà ti rọ́bà kì í ṣe ohun burúkú. Ó fúyẹ́, àyè díẹ̀ ló ń gbà, òun ló sì pọ̀ jù lórí ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló gbọ́dọ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fẹ́ ẹ wò, kí wọ́n wọn agolo gáàsì, kí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Olówó rẹ̀ ò lè ṣe èyí nílé. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rọ́bà àti gúlúù. Àpótí funfun kan lè jókòó sórí ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó dára lójú, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti jẹrà.

Èrò tiwa ni pé bí ilé àyẹ̀wò bá sún mọ́ yín, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé ẹ ó máa gbé e lọ, ẹ ra ti rọ́bà. Bí ẹ bá mọ̀ nínú ọkàn yín pé ẹ ò ní gbé e lọ, líle ni kí ẹ rà, nítorí ojú àti ọwọ́ yín lè mọ ohun tó ń ṣe é.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1972, àwọn àbùùbùtán kọ lu ọkọ̀ ìdílé Robertson, tó ṣíkọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Galapagos nínú òkun Pàsífíìkì. Kíá ni ọkọ̀ náà rì. Àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ kó sínú ọkọ̀ àsálà ti rọ́bà, wọ́n sì so ọkọ̀ kékeré oní-fáíbà wọn mọ́ ọn. Rọ́bà ń jò. Ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, wọ́n ń gbọ́n omi tọ̀sán tòru. Nígbà tó di ọjọ́ 17 wọ́n pa á tì, gbogbo wọn há mọ́ra nínú ọkọ̀ oní-fáíbà náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí ọkọ̀ apẹja kan láti Japan fi gbé wọn ní ọjọ́ 38. Ọkọ̀ kékeré yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ̀ àsálà. Kò ní ìbòrí, díẹ̀ ló sì kù kí ìgbì kún inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fi ju rọ́bà lọ ni pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ tó lè tú dànù.

Líle náà ní ìnira tirẹ̀. Ó wúwo, ó ń gba àyè, owó àti gbé e dé èbúté lè bani lẹ́rù, bí ìgbì bá sì gbé e lu ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ara onítọ̀hún á sọ fún un. Òfin sọ pé ọkọ̀ àsálà tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kìlógíráàmù 185 lọ. Síbẹ̀, ẹ ronú nípa ẹni mélòó tó máa wà nítòsí láti gbé e lóru ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Níwájú ẹni tó ń tà á

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ wá àkọlé ara rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀, ìjọba tó fọwọ́ sí i, iye èèyàn tó gbà, gígùn okùn rẹ̀ àti ibi tó ga jù tí wọ́n lè gbé e kà lórí ọkọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé SOLAS, àdéhùn àgbáyé ọdún 1974 lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, ló bá mu, ẹ máa rí orúkọ náà gàdàgbà. Èyí túmọ̀ sí pé irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wà lójú omi fún ọjọ́ 30 nínú ojú ọjọ́ yòówù, kí wọ́n lè jù ú sómi láti mítà 18 kó má fọ́, kí èèyàn sì lè máa fò lé e láti mítà 4.5. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kun àkọlé náà, tí ẹni tó ń tà á sì ń sọ pé "ó ti pẹ́ tó bọ́," ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ má fi ẹnu lásán gba iye èèyàn. Ẹ wọn ilẹ̀ inú rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 0.372 mítà onígun mẹ́rin. Ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 2 sí mítà 2 kò lè gbà ju èèyàn 10 lọ, kódà bí fóòmù rẹ̀ bá lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka gbogbo èèyàn tó ń wà lórí ọkọ̀ yín, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ tó kàn bá yín jáde lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: bó bá dojú dé sómi ńkọ́? Ìdáhùn mẹ́ta ni òfin gbà. Ó lè dá ara rẹ̀ dìde. Ó lè jẹ́ pé ojú méjèèjì ló ṣeé lò, tí ìbòrí wà lókè àti nísàlẹ̀. Tàbí kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá a padà. Bí wọ́n bá mú ìdáhùn kẹta wá, ẹ ní kí wọ́n fi okùn tí onítọ̀hún máa fà hàn yín, kí ẹ sì wo ẹni tó kéré jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Ìbòrí ṣe pàtàkì gan-an lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà ogun àgbáyé kejì, òtútù ló pa ọ̀pọ̀ èèyàn lórí àwọn ọkọ̀ àsálà tí kò ní ìbòrí lápá àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Níbi tiwa, oòrùn ni. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ láìní ìbòrí yóò ti fi òógùn ná omi ara rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Fóòmù ni ọkàn rẹ̀. Bí fáíbà bá sán, tàbí tí ẹnì kan bá lu ihò sí i láti fi so nǹkan mọ́ ọn, omi lè wọlé díẹ̀díẹ̀ kí fóòmù máa mu ún. Ẹ máa fi ìka kàn án káàkiri, kí ẹ fetí sí ibi tí ìró rẹ̀ ti yàtọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ fi wé iye tó wà nínú ìwé tó bá a wá. Èyí tó bá fi kìlógíráàmù mélòó kan wúwo ju ìwé rẹ̀ lọ ti ń mu omi. Àyẹ̀wò yìí nìkan ló jẹ́ kí a lè gbà kí ẹnikẹ́ni ra líle tòkunbọ̀. Ti rọ́bà tòkunbọ̀, a ò gbà á rárá, àyàfi tí ilé àyẹ̀wò bá tú u lójú yín.

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ náà. Poon Lim, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Benlomond, bọ́ sórí ọkọ̀ àsálà onípákó kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ri Benlomond ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1942. Ó bá bísíkíìtì, omi àti tọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn ń tán, ó fi aṣọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba òjò, ó fi wáyà inú tọ́ọ̀ṣì ṣe ìwọ̀ ẹja. Ọjọ́ 133 ló lò kí àwọn apẹja Brazil tó gbé e. Lónìí, ẹrù kíkún tí SOLAS là sílẹ̀ ní omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ, oògùn èébì, ohun èlò ìpẹja, fèrè, dígí, iná àfisàmì àti ìdákọ̀ró aláṣọ méjì tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ sá lọ. Iná àfisàmì àti omi ní ọjọ́ tí wọ́n ń parí; ẹ kà á. Ohun tí a máa fi kún un ni EPIRB, rédíò kékeré tó ń ké sí sátẹ́láìtì, tí yóò jẹ́ kí ibùdó ìgbẹ̀mílà tó wà lábẹ́ NIMASA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ní Èkó mọ ibi tí ẹ wà. Orúkọ olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé wọn kó tó wúlò dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń so ó

Ibí yìí ni ọkọ̀ àsálà tó dára ti ń di ẹrù lásán. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìgbì dojú ọkọ̀ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Jascon-4 dé nítòsí Escravos, ní etíkun Nàìjíríà. Èèyàn 12 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Harrison Okene, ẹni tó ń se oúnjẹ wọn, nìkan ló yè, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ tó há sínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀ òkun. Ọkọ̀ tó bá dojú dé báyẹn kì í fún ẹnikẹ́ni láyè láti tú okùn. Ọkọ̀ àsálà gbọ́dọ̀ lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ìkọ́ kan wà tí wọ́n ń lò fún un. Bí ọkọ̀ bá ń rì, ìwúwo omi yóò mú kí ìkọ́ náà já okùn tó de ọkọ̀ àsálà mọ́lẹ̀ kó tó kọjá mítà 4 nísàlẹ̀, ọkọ̀ àsálà yóò sì léfòó sókè. Okùn gígùn rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 15, ṣì so ó mọ́ ọkọ̀ tó ń rì kó má bàa sá lọ mọ́ àwọn tó wà nínú omi. Ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín okùn gígùn náà àti ọkọ̀, tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe kó má lágbára. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń fà á sísàlẹ̀, òun ló máa já. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹnì kan so okùn gígùn náà tààrà mọ́ irin ọkọ̀, kó lè "le dáadáa." Ó ti so ọkọ̀ àsálà mọ́ ìsàlẹ̀ òkun nìyẹn. Ẹ lọ wo tiyín lónìí. Ìkọ́ náà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àkọlé rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan kan lórí rẹ̀: àwọ̀n, kẹ́ẹ̀gì, aṣọ tí ẹ sá. Àwọn kan a tún fi àgádágodo tì í nítorí olè. Ó yé wa, olè wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣí i kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, kí ọ̀gá ọkọ̀ sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìgbà tí ẹ ó wọ̀ ọ́, àti ọkọ̀ tí kò lè gbé e

Níbi ìdíje ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n ń pè ní Fastnet, ti ọdún 1979, ìjì mú kí àwọn èèyàn pa ọkọ̀ 24 tì. Márùn-ún péré ló rì. Wọ́n rí ìyókù lójú omi lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn kan ti kú nínú ọkọ̀ àsálà tí wọ́n sá sí. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ yín bá ṣì léfòó, tí iná kò sì jó o, inú rẹ̀ ni kí ẹ wà. Bí ẹ bá máa kúrò, ẹ gbìyànjú kí ẹ tẹsẹ̀ bọ́ sí i láti orí ọkọ̀, kí omi má tíì kàn yín lára.

Ọkọ̀ onípákó tí ẹ́ńjìnnì kan ń tì kò lè gbé ọkọ̀ àsálà líle tó péye, a ò sì ní tan ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá a mu ni kí wọ́n di fóòmù tàbí àgbá tí wọ́n dé pinpin mọ́ abẹ́ ìjókòó rẹ̀, kó má bàa rì bó bá kún, kí wọ́n sì so okùn yí etí rẹ̀ ká tí èèyàn lè dì mú. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn, kì í ṣe lábẹ́ àwọ̀n.

Ní ti ẹni tó bá ti ra líle, kó mú ọjọ́ kan lọ́dún nígbà tí ọ̀sà bá tòrò, kó sọ ọ́ sómi ní èbúté, kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìbòrí. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tó kọjá.