Ọ̀dà, Kẹrosíìnì àti Ọṣẹ Lórí Awọ Ara

Ọmọ Agbabu kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí ọ̀dà ilẹ̀ í ṣe. Láti ọdún 1910 tí a ti gbẹ́ kànga síbẹ̀ ni ọ̀dà ti ń yọ́ jáde nígbà tí oòrùn bá mú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà nù ún kúrò lára ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọkùnrin kan nínú ìjọ fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí: ó pọ́n, ó sán, ó sì ń yún un tí kò fi lè sùn. Ní alaalẹ́ ni ó ń fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà, lẹ́yìn náà a sì fi ọṣẹ líle lé òórùn rẹ̀ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ wí pé kẹrosíìnì náà kò tó nǹkan, ọṣẹ náà sì ni gbogbo ayé ń lò. Nítorí náà kò sí owó ìtọ́jú. Ìwọ̀n èké ni èyí.

Kíyèsí i, awọ ara dàbí ògiri bíríkì. Ọ̀rá ni amọ̀ tí ó so ó pọ̀. Kẹrosíìnì a yọ́ ọ̀rá náà, ọṣẹ a sì gba àlàfo rẹ̀ wọlé. Àwọn oníṣègùn awọ ti dán irú rẹ̀ wò: wọ́n fi toluene, tí ó máa ń wà nínú tíńà, àti èròjà kan tí ń mú ọṣẹ hó kan awọ kan náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìpalára àwọn méjèèjì pọ̀ ju ti ẹyọ kan tí a fi kàn án lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ta ni yóò wá máa wọn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?

Ọ̀dà èédú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá wà lára, oòrùn a máa jó ènìyàn kíákíá.

Òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa ni kí a fi pa ọ̀dà tí ó ti tutù, kí a fi àkísà nù ún, kí a fi ọṣẹ tí kò le wẹ̀, kí a sì fi òrí pa á. Ìbọ̀wọ́ dára, ṣùgbọ́n èyí tí kẹrosíìnì ti rin inú rẹ̀ burú ju ọwọ́ lásán lọ. Bí ọ̀dà gbígbóná bá sì dà sí ni lára, ẹ má ṣe ya á: omi tútù ni kí ẹ máa dà sí i, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọ̀dà náà lára rẹ̀.