Ìpẹtà Ara Ọkọ̀: Ẹ Pa Á Ní Kékeré

Àwọn àgbà a máa wí pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìpẹtà tí í mú ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, bébà oníyanrìn àti agolo ọ̀dà kan lè pa á. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò gba owó tabua, ó sì lè gba ẹ̀mí pẹ̀lú.

Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ni í bí ìpẹtà. Iyọ̀ ni í mú un yára. Ọ̀dà ni aṣọ tí ó bo irin, ṣùgbọ́n bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà ta lu ara ọkọ̀ ni í sábà la ogiri náà. Nígbà tí irin bá di ìpẹtà, àyè tí ó ń gbà a máa ju ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀dà fi ń wú bí awọ ara tí omi gbígbóná bó.

Àwa tí a ń gbé etí òkun, ní Èkó, ní Àgbádárìgì tàbí ní Kútọnu, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kò yọ ọkọ̀ wa sílẹ̀. Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ sì lè ti gbé tirẹ̀ bọ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àríwá Amẹ́ríkà, wọn a máa da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, irin tí ó yí orí táyà ká, àti ẹnu búùtù. Ẹ máa la ihò kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí omi òjò má baà dúró sínú rẹ̀.

Bí wíwú náà kò bá tíì ju èékánná lọ, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi bébà oníyanrìn nọ́ńbà 80 ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà 320 tẹ̀lé e, títí irin yóò fi máa dán bí fàdákà. Bí àmì dúdú bá ṣẹ́kù nínú ihò tóótòòtó, oògùn ìpẹtà tí a fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì ṣe yóò kápá rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì dáàbò bo ojú. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá irin ní ìhòòhò: ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún, nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi ọ̀dà àwọ̀ ọkọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ òjò, kì í sì í ṣe ti ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ ń fẹ́.

Ohun tí ó burú ni kí a fi pọ́tì dí ojú ìpẹtà, kí a sì kun ọ̀dà lé e lórí. A kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Abẹ́ pọ́tì ni ìpẹtà yóò ti máa jẹun lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ kí ó fi aṣọ wé òòfà kékeré kan dání. Bí ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ irin kò bá fa òòfà, kí ó béèrè ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ní ọdún 1980, ìpẹtà tí ó jẹ irin tí ó gbé ẹ́ńjìnnì Lancia Beta dúró di ariwo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ṣe é sì ní láti ra púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà padà. Bí ohun ṣónṣó bá lè gún ibì kan lù, bébà oníyanrìn kò ràn án mọ́. Kí jórinjórin gé e kúrò, kí ó sì jó irin tuntun sí i.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ọkọ̀ jẹ́ oko yín, ẹni tí í fi omi tútù fọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí í sì wò ó yí ká, owó ọ̀dà ni yóò máa san, kì í ṣe owó ọkọ̀.