Eruku Kan, Ẹgbẹ̀rún Àwòrán

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn Sawa, ọmọ onílẹ̀ Douala ní Kamẹrúùnù, a máa kóra jọ sétí odò Wouri fún ọdún Ngondo. Ọkọ̀ gbọọrọ á máa sáré ìje lójú omi, àwọn obìnrin á gbé kaba wọn wọ̀, ẹni tí a yàn á sì rì sínú odò lọ gbọ́ ohun tí àwọn ẹ̀mí omi fẹ́ bá ìlú sọ. Ní 2024, UNESCO kọ orúkọ ọdún náà mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti ń ṣẹlẹ̀, onífọ́tò á pọ̀ bí eṣú.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn. Ó fi léńsì gígùn ya ọkọ̀ tó wà lọ́kàn odò, ó yọ ọ́, ó fi èyí tó fẹ̀ sí i kó lè ya ogunlọ́gọ̀ tó wà létí omi. Kò ju kí a ṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ. Alẹ́ lẹ́, ó gbé àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, ó rí àmì eérú kan lójú ọ̀run, lápá òsì. Ó ní ẹyẹ ni. Ó ṣí àwòrán kejì, ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Ó ṣí ogún, ó ṣí ọgọ́rùn-ún, ẹyẹ ò ṣípò padà. Ẹyẹ wo ló ń dúró sójú kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?

Eruku ni. Ó ti jókòó sórí sẹ́ńsọ̀, pátákó kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, èyí tí àwọn onífọ́tò Douala ń pè ní capteur lédè Faransé. Lónìí, nínu ojú sẹ́ńsọ̀ ti di iṣẹ́ tí àwọn kan ń gbowó lé lórí. Bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá tó ṣe iṣẹ́ fọ́tò ṣáájú kò mọ wàhálà yìí rí, eruku ayé kò sì ṣàdédé pọ̀ ju ti ìgbà wọn lọ. Níbo ni ọ̀rọ̀ ti yí?

Láyé fíìmù, eruku ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Bí ó bá bà lé ojú fíìmù, àwòrán kan ṣoṣo ló máa bà jẹ́. Onífọ́tò á wọ́ fíìmù síwájú, eruku á bá a lọ, ojú mìíràn tó mọ́ tónítóní á bọ́ sẹ́yìn léńsì. Róòlù kan ń gba àwòrán 36. Ká kúkú sọ pé ojú 36 ni kámẹ́rà ní, tó sì ń jù wọ́n nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàrá òkùnkùn ni ìjà eruku ti ń le, níbi tí wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú négátíìfù kí wọ́n tó tẹ fọ́tò jáde.

Lọ́dún 1969, Willard Boyle àti George Smith ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà gbé CCD kalẹ̀, ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2009. Ní 1975, Steven Sasson, ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan ní Kodak, fi irú rẹ̀ ṣe kámẹ́rà tí píkísẹ̀lì rẹ̀, àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń para pọ̀ di àwòrán, kò ju 10,000 lọ. Nikon gbé kámẹ́rà D1 jáde ní 1999 fún àwọn oníròyìn. Ní 2003, Canon gbé EOS 300D jáde ní iye tí kò tó 1,000 dọ́là, kámẹ́rà oní-sẹ́ńsọ̀ tí a ń pààrọ̀ léńsì rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ tèwe tàgbà. Ojú 36 tí a ń jù nù di ojú kan ṣoṣo tí kì í kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lónìí á wà nínú àwòrán ọ̀la, á wà nínú ti ọ̀túnla.

Ní Kamẹrúùnù, àsìkò yẹn gan-an ni iṣẹ́ fọ́tò ń kó jáde nínú stúdíò. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ló ń bọ́ àwọn stúdíò bíi ti Jacques Toussele ní Mbouda, ẹni tí wọ́n ti da négátíìfù rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìrànwọ́ British Library. Ní 1998, ìjọba gbé káàdì oníkọ̀ǹpútà jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń ya fọ́tò rẹ̀ fúnra wọn. Oúnjẹ ọ̀pọ̀ stúdíò já. Onífọ́tò gbọ̀nà òde ìgbéyàwó, ó gbọ̀nà ibi ìsìnkú àti pápá bọ́ọ̀lù. Nínú stúdíò, léńsì kan ti tó o. Lóde, àárín èrò àti afẹ́fẹ́ ló ti ń pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì ṣí ẹnu kámẹ́rà ló ṣílẹ̀kùn fún eruku.

Ẹni tó mọ Douala lè bi wá pé eruku wo? Òjò ìlú náà ju 3,500 mílímítà lọ lọ́dún, bí ìlọ́po méjì ti Èkó. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá, òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀, ọyẹ́ á sì dé. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ ń bọ̀ láti Bodélé ní àríwá Ṣáàdì, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Èèpo àwọn ewéko omi tín-ín-tìn-ìn-tín ló kún ibẹ̀, ohun tí a fi ń ṣe dígí ló sì wà lára èèpo wọn. Ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ ló gun afẹ́fẹ́ rìn títí tó fi bà sínú kámẹ́rà létí Wouri. Eruku líle ni. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, híha ló ń ha dígí tó wà lójú sẹ́ńsọ̀.

Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó wáyé ní 2022, tí Kamẹrúùnù gbà lálejò, bọ́ sí oṣù Kìíní àti Kejì, inú ọyẹ́ gan-an. Garoua ní apá àríwá, tí eruku ti nípọn ju ti Douala lọ, ni Super Eagles ti gbá gbogbo bọ́ọ̀lù wọn, ibẹ̀ náà ni Tunisia ti fi góòlù kan lé wa dànù. Ní pápá Japoma ní Douala, Côte d'Ivoire na Algeria tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 3-1. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ kì í pààrọ̀ léńsì nírú pápá bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà méjì ló ń gbé kọ́rùn, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan fún ìtòsí.

Eruku yìí tún gbọ́n. Kò jókòó sórí píkísẹ̀lì gan-an, orí dígí fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ńsọ̀ ló wà, òjìji rẹ̀ ló sì ń bọ́ sínú àwòrán. Ẹ na ọwọ́ síta lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, òjìji rẹ̀ ò ní hàn dáadáa. Ẹ nà án lọ́sàn-án gangan, òjìji á dúdú kirikiri. Bẹ́ẹ̀ ni ti léńsì. Bí ihò rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ gbàgà ní f/2.8, ìmọ́lẹ̀ á ti ìhà púpọ̀ wọlé, òjìji eruku á tú ká. Bí ihò bá kéré dé f/16, òjìji á hàn kedere. Nítorí náà, ẹni tó ń ya ìyàwó àti ọkọ nìkan lè gbé eruku kiri fún oṣù mẹ́fà láìmọ̀. Ọjọ́ tó bá ya afárá Wouri pẹ̀lú ojú ọ̀run gbalasa lókè rẹ̀ ni àṣírí á tú. Nínú kámẹ́rà oní-píkísẹ̀lì mílíọ̀nù 24 tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ojú fíìmù, irun orí kan ṣoṣo lè bo bíi píkísẹ̀lì mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà tètè rí i. Olympus ló kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ sí i: nínú E-1 tó jáde ní 2003, dígí iwájú sẹ́ńsọ̀ ń gbọ̀n ju ìgbà 30,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ajá tí omi dà sí lára, kí eruku lè já bọ́. Canon fi irú rẹ̀ sínú EOS 400D ní 2006, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n kì í ká epo, kì í sì í ká eruku tó bá ti lẹ̀ típẹ́. Nikon rí tirẹ̀ nínú D600 tó gbé jáde ní 2012: àwọn tó rà á ń rí àmì lójú sẹ́ńsọ̀ láìjẹ́ pé ìta ni ìdọ̀tí náà ti wá. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n kó wọn wá fún àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kódà bí àkókò tí ilé-iṣẹ́ fi ń dúró fún ọjà rẹ̀ bá ti kọjá.

Ohun tó kù di ọwọ́ ènìyàn. Rọ́bà olóbìírípo ni ìbẹ̀rẹ̀, tí a ń tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè tú jáde. Faransé ń pè é ní poire, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe rọ́bà tí àwọn ìyá fi ń fín omi sí ìdí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pa á pọ̀. A ó kọ́kọ́ rí i pé bátìrì kún, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ìlẹ̀kùn iwájú sẹ́ńsọ̀ tí a ti ṣí lè pa dé mọ́ni lọ́wọ́. A ó da ojú kámẹ́rà délẹ̀, kí ohun tí afẹ́fẹ́ bá ṣí lè já bọ́ sísàlẹ̀, a ó sì tẹ rọ́bà bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Èyí tí kò bá gbọ́, aṣọ rírọ̀ tí wọ́n wé mọ́ igi pẹlẹbẹ ló kù fún un. A ó kán ẹ̀kán omi ìnusẹ́ńsọ̀ méjì sí i, kò gbọdọ̀ rin gbingbin. A ó fà á lẹ́ẹ̀kan láti etí kan dé ìkejì, a ó yí i padà, a ó fi ojú kejì fà á bọ̀, a ó sì sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì, eruku tó kọ́kọ́ kó ló ń fi ha ojú kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí itọ́ a máa bá èémí jáde.

Bí òjò bá padà dé, ọ̀tá á yípadà. Ọ̀rinrin Douala a máa jẹ́ kí léńsì bu nínú bíi búrẹ́dì tó pẹ́, ìyẹn sì le ju eruku lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú kámẹ́rà sínú ike tó ní ìdérí dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi mu.

Ní òwúrọ̀ Ngondo, kí ọkọ̀ tó ṣí, onífọ́tò tó gbọ́n á fi ihò léńsì sí f/16, á gbé kámẹ́rà sókè, á ya ojú ọ̀run lásán. Bí ó bá rí ẹyẹ nínú rẹ̀, á tún un yà. Ẹyẹ gidi á ti fò lọ.