Pọ́ǹpù Tí Kò Rí Omi Mu Ń Jóná: Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Ẹ̀rọ Yín Wò Lórí Ilẹ̀ Kí Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Dé



Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láìpẹ́ ọyẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ̀yin tó ń gbin tòmátì, àlùbọ́sà, ata àti ilá ní ẹ̀ẹ̀rùn yóò sì gbé pọ́ǹpù jáde láti ibi tó ti wà láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á gbé e sí iwájú ilé, wọ́n á da epo bẹntiróòlù sí i, wọ́n á fa okùn rẹ̀, wọ́n á sì tẹ́tí bóyá ẹ́ńjìnnì yóò dún. Tó bá dún, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè yá, láìsí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó dára kí ẹ dán ẹ̀rọ yín wò kí iṣẹ́ tó dé. Àmọ́ kò yẹ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀, ká sì wo bí ẹ ṣe lè dán an wò nílé láìbà á jẹ́.

Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ọ̀kan

Pọ́ǹpù tí ẹ ń gbé lọ sóko kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì wà lápá kan, ilé omi wà lápá kejì. Irin kan ló so méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí irin náà, irin náà ń yí abẹ̀bẹ̀ tó wà nínú ilé omi, abẹ̀bẹ̀ yẹn ló sì ń ti omi jáde.

Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ bóyá omi wà nínú pọ́ǹpù tàbí kò sí. Yóò máa ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Àmọ́ ilé omi kò ní ohun mìíràn tó ń tù ú lára ju omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ.

Ibi tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni síìlì. Síìlì ni ohun tó wà níbi tí irin náà ti gba ara ògiri ilé omi kọjá, òun ni kì í jẹ́ kí omi jò síta. Ó ní òrùka méjì tó dán gbọ̀ọ́rọ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti kábọ̀n, èkejì sì sábà máa ń jẹ́ irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwo tánganran. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dáadáa, ọ̀kan á máa yí lára èkejì ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi tín-ín-rín tó wà láàárín wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n jóná. Tí omi náà kò bá sí, wọn yóò máa ha ara wọn ní gbígbẹ, ooru á mú, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ wọn á yọ́, òrùka náà á sì há tàbí kó sán.

Ohùn rẹ̀ lè tàn yín jẹ

Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi, ẹrù wà lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó sì gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ agbára. Nígbà tí omi bá tán nínú rẹ̀, ẹrù kúrò, ohùn á fúyẹ́, á sì máa dún bí ohun tí ara tù. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀rọ náà ti wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ rántí èyí: tí ohùn pọ́ǹpù bá ṣàdéédéé fúyẹ́, tí omi sì dín kù lẹ́nu họ́ọ̀sì, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nílé

Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù kan tó gba nǹkan bíi lítà 200, ẹ pọn omi tó mọ́ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé ètò yìí:

1. Ẹ gbé pọ́ǹpù sí ìta gbangba, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ má ṣe é nínú yàrá tàbí nínú ilé ìpamọ́.

2. Ẹ da epo bẹntiróòlù tó ti wà nínú táǹkì láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá nù. Epo tó pẹ́ nílẹ̀ máa ń di nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ inú kàbúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní fẹ́ dúró lórí iṣẹ́. Ẹ ra epo tuntun.

3. Ẹ yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò. Tó bá ti dín kù, ẹ fi kún un. Tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má tan án, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fítà.

4. Ẹ ṣí asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ gbọn eruku rẹ̀ kúrò. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa ṣe é léraléra.

5. Ẹ so họ́ọ̀sì tó ń fa omi mọ́ pọ́ǹpù, ẹ sì ki ẹnu kejì, èyí tó ní asẹ́, bọ inú dúrọ́ọ̀mù títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ so họ́ọ̀sì tó ń tú omi jáde náà, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù yẹn kan náà, ní ẹ̀gbẹ́ kejì tó jìnnà sí asẹ́. Ẹ fi okùn dì í dáadáa kó má fò jáde.

6. Ẹ tú ìdérí tó wà lókè ilé omi, ẹ da omi sí i títí yóò fi kún dé ẹnu, kí ẹ tó dé e padà kó le. Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù.

7. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó rọra máa ṣiṣẹ́. Omi yóò máa jáde láti inú dúrọ́ọ̀mù, yóò sì máa padà síbẹ̀, ẹ kò ní pàdánù rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi 5, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀.

Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ wo abẹ́ ibi tí ilé omi ti pàdé ẹ́ńjìnnì. Tí omi bá ń kán níbẹ̀, síìlì ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí.

Tí omi kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ pa á. Ẹ yẹ ìdè họ́ọ̀sì wò, ẹ tún da omi kún ilé omi, kí ẹ tó tún un tàn. Tí ẹ kò bá rí dúrọ́ọ̀mù, ẹ má tan án rárá. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá dé etí omi.

Lóko, ẹ ṣọ́ omi tó ń sá lọ

Kì í ṣe iwájú ilé nìkan ni pọ́ǹpù ti ń jóná. Etí odò náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ bí odò White Volta ṣe máa ń rí ní Nawuni àti Yapei. Ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, pàápàá tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Bagre ní Burkina Faso, odò á kún dé etí oko. Tó bá fi máa di oṣù kejì sí ìkẹta, omi á ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, etí odò á sì ga.

Pọ́ǹpù kì í fa omi láti ibi jíjìn lọ sókè bí ó ṣe wu ẹ̀dá. Afẹ́fẹ́ tó wà lójú odò ló ń ti omi gòkè sínú họ́ọ̀sì, agbára rẹ̀ sì ní òpin. Tí gíga láti ojú omi dé ibi tí pọ́ǹpù jókòó sí bá ti ju mítà 7 lọ, kò dájú pé omi yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ á máa yí lásán, síìlì á máa jó. Nítorí náà, bí odò bá ń lọ sílẹ̀, ẹ máa sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó sàn kí họ́ọ̀sì tó ń ti omi lọ sóko gùn, ju kí èyí tó ń fa omi gùn lọ.

Ẹ̀yin tó ń fa omi láti inú kànga tàbí adágún kékeré, omi lè tán kí ó tó sun padà. Pọ́ǹpù tó ní ẹnu ínṣì 2 lè fa lítà 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Dúrọ́ọ̀mù méjì àbọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá lọ sí òpin oko láti darí omi, kí ẹnì kan tó dàgbà dúró ti pọ́ǹpù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ jẹ́ kí asẹ́ rì wọnú omi dáadáa, kó má jókòó lórí ẹrẹ̀. Ẹ lè so ó mọ́ igi tàbí kẹ́ẹ̀gì tó léfòó. Iyanrìn máa ń ha síìlì àti abẹ̀bẹ̀.

Èéfín rẹ̀ ń pani

Àwọn kan máa ń gbé pọ́ǹpù sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò kànga kó lè súnmọ́ omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Nínú èéfín ẹ́ńjìnnì ni gáàsì kan wà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ojú kò lè rí. Ó máa ń kó jọ sínú kòtò, ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ lè dákú kó sì kú kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá tún wọlé láti gbà á lè kú tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rọ wò nínú ilé pẹ̀lú, bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Àwọn kan nínú yín ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó iṣu àti ẹja lórí adágún Volta. Ti yín tún le ju ti pọ́ǹpù oko lọ. Omi odò ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀ lára. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń fa omi náà gòkè. Tí ẹ bá tan án ní gbígbẹ lórí ilẹ̀, rọ́bà yẹn lè bàjẹ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, tó bá sì ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí yóò fi dákú lójú omi, pẹ̀lú èrò àti ẹrù.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò lórí ilẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tó kún, kí omi ga ju ihò tó ń fa omi lọ. Ẹ má fi í sí jíà. Bó bá ti dún, ẹ wo ihò kékeré tí omi ti máa ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Tí omi kò bá jáde láìpẹ́, ẹ pa á.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní jet boat, èyí tí Bill Hamilton ti orílẹ̀-èdè New Zealand sọ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní àwọn ọdún 1950, fún odò tí kò jìn, pọ́ǹpù gidi ni wọ́n fi ń tì í. Ó ń fa omi láti abẹ́, ó ń tì í jáde lẹ́yìn. Òun náà kò gbọ́dọ̀ yí ní gbígbẹ. Òfin kan náà ni: ohun tí wọ́n dá fún omi, omi ló gbọ́dọ̀ rí.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Tí ẹ bá rí i pé pọ́ǹpù ti ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ, ẹ pa á, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Ẹ má ṣe da omi tútù sí i nígbà tó ṣì gbóná. Bí ife gíláàsì gbígbóná ṣe ń sán tí omi tútù bá kàn án, bẹ́ẹ̀ ni òrùka síìlì ń ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti tutù, ẹ da omi kún un, ẹ tan án, ẹ sì wò ó bóyá ó ń jò.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ béèrè iye sídì tí síìlì kan àti iṣẹ́ ọwọ́ fítà jẹ́ ní ọjà Tamale. Ẹ wá fi wé tòmátì tó ń yọ òdòdó ní oṣù kìíní tí kò rí omi fún ọjọ́ mélòó kan, tí òdòdó rẹ̀ ń já bọ́ nígbà tí pọ́ǹpù wà lọ́dọ̀ fítà. Owó síìlì kéré. Ọjọ́ tí oko fi gbẹ ni kò ṣeé rà padà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá dúrọ́ọ̀mù kan, ẹ dán pọ́ǹpù yín wò. Ẹ fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ ẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ ń lo pọ́ǹpù. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fèsì síbí, ẹ lè kọ ọ́ tàbí kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́.

Àṣeyọrí là ó máa gbọ́ o.