Fífẹ Àjà Ẹnu Tí Ó Há: Ọ̀nà Ìtọ́jú àti Orúkọ Tí Ó Tọ́ Sí Ọ̀kọ̀ọ̀kan

1. Ìfáárà

Bí Yorùbá bá ní wọ́n ń fẹ ọ̀nà, ó lè jẹ́ pé igbó etí ọ̀nà ni wọ́n ń ṣán, ó sì lè jẹ́ pé ilé ni wọ́n ń wó. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀nà kò rí bákan náà. Irú ìṣòro yìí ni ó wà nínú ìtọ́jú páárì òkè tí ó há. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn oníṣègùn eyín ń gbà fẹ̀ ẹ́. Nínú òmíràn, eyín nìkan ni ó ń yẹ̀. Nínú òmíràn, egungun ni ó ń là sí méjì láìlo ọ̀bẹ. Nínú òmíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e. Bí èdè Yorùbá bá pe gbogbo wọn ní ‘fífẹ̀’ lásán, òbí tí ó ń buwọ́ lu ìwé ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ kò ní mọ ohun tí ó fọwọ́ sí.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé àwọn ọ̀nà náà, àti láti dábàá pé kí á fi ohun tí ó ń yẹ̀ tàbí tí ó ń là sọ ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

2. Páárì, àjà ẹnu àti ìpàdé eyín

Nínú èdè ojoojúmọ́, àgbọ̀n ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn bí ọ̀rọ̀ bá kan egungun tí eyín dúró lé. Ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ ni àgbọ̀n. Òun ni ó ń lọ sókè sódò nígbà tí ènìyàn bá ń jẹun, òun náà ni irùngbọ̀n ń hù sí, gẹ́gẹ́ bí orúkọ irun náà ti fi hàn. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ‘àgbọ̀n òkè’, ọ̀rọ̀ náà yóò rú òǹgbọ́ lójú. Páárì ni ó tọ́, nítorí pé ó ṣeé lò fún egungun méjèèjì: páárì òkè àti páárì ìsàlẹ̀.

Àjà ẹnu kò ní wàhálà kankan. Àwọn onímọ̀ fónẹ́tíìkì ti yá a lọ́wọ́ àjà ilé tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ń pe ìró bí y ní àfàjàpè, wọ́n sì ń pe ìró bí t àti d ní àfèrìgìpè, nítorí pé èrìgì ni ibi tí ahọ́n ti ń kan òkè. Kò sí ìdí tí oníṣègùn eyín yóò fi dá orúkọ mìíràn sílẹ̀ fún ibi kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù láti fi kún un ni pé àjà ẹnu kì í ṣe pákó kan gbáko. Egungun páárì òkè méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, ni ó pàdé ní àárín láti dì í, àwọn egungun kéékèèké méjì mìíràn sì parí rẹ̀ lẹ́yìn, kí a tó dé àfàsé tí ó rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ọ̀nà tí eyín òkè gbà ń kan ti ìsàlẹ̀. Bí a bá pè é ní ‘ìgéjẹ’, ajá ni yóò wá sọ́kàn ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ìpàdé eyín ni àbá tí ó dára jù. Nígbà tí ìpàdé eyín bá dára, eyín òkè a máa yọ síta díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ yí ká, gẹ́gẹ́ bí ìdérí agolo ti ń bo etí agolo. Bí páárì òkè bá há, eyín ẹ̀yìn òkè a bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ìdérí jìn sínú agolo. Èyí ni ìpàdé òdì. Ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọmọ tí ó ní i ní ẹ̀gbẹ́ kan a sábà máa yẹ àgbọ̀n rẹ̀ sí apá kan kí ó lè rí ibi jẹun, bí ó bá sì ń dàgbà bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lè má dọ́gba mọ́.

Ohun tí ó ń fa híhá páárì òkè pọ̀. Ó lè jẹ́ àjogúnbá. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà pẹ́ kí ó tó fi fífa àtàǹpàkò mu sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa tẹ eyín wọnú, ahọ́n kì í sì sí lókè láti dá a dúró. Ó lè jẹ́ pé imú rẹ̀ máa ń dí tí ó sì ń fi ẹnu mí. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n bí i pẹ̀lú àjà ẹnu tí ó là, tí àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi dí i wá ń fà á pọ̀.

3. Ojú-ìránpọ̀

Kò sí ìyá ọmọ tí kò mọ àwùjẹ̀. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ rọ̀ nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ó sì mọ̀ pé yóò dí bí ọmọ náà bá ti ń dàgbà. Àwùjẹ̀ wà níbẹ̀ nítorí pé egungun orí pọ̀, wọ́n sì pàdé ara wọn bí aṣọ tí télọ̀ rán pọ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn àjà ẹnu náà, láti ẹ̀yìn eyín iwájú títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àfàsé. Ojú-ìránpọ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dábàá fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé nǹkan méjì ni ó pàdé, àti pé ó ṣeé tú kí ó tó le.

Lórí ojú-ìránpọ̀ yìí ni gbogbo ìtọ́jú dúró lé. Ní ọdún 1975, Birte Melsen, onímọ̀ ará Dẹ́ńmáàkì, fi hàn bí ó ṣe ń yí padà. Ní ìgbà ọmọdé, ó fẹ̀, ó sì tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ó di kọ́lọkọ̀lọ. Nígbà tí ọmọ bá sì ń bàlágà, etí egungun méjèèjì a ti kọ́ ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí ènìyàn kì bọ ara wọn. Ní ọdún 1977, Persson àti Thilander yẹ àjà ẹnu àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 35 wò, wọ́n sì rí i pé ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá ojú náà ti dí. Ti àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí ní kùtùkùtù, ti àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ kò sì tíì dí.

Nítorí èyí ni Fernanda Angelieri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbé ìpele márùn-ún kalẹ̀ ní ọdún 2013, láti inú àwòrán X-ray tí ó ń fi inú egungun hàn láti ìhà gbogbo. Wọ́n pè wọ́n ní A, B, C, D àti E. Ní A, ojú-ìránpọ̀ gún régé. Ní B, ó ti wọ́. Ní C, ó ti di ìlà wíwọ́ méjì tí ó súnmọ́ra. Ní D, ó ti dí lẹ́yìn. Ní E, ó ti dí níwájú pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn olùtúmọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Bí a bá to ìpele wọ̀nyí ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, èyí tí kò ní C, D yóò di ìpele kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni D tí ó wà nínú ìwé oníṣègùn jẹ́ ìpele kẹrin, níbi tí egungun ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀kan. Kí á fi àwọn lẹ́tà náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, tàbí kí á lo nọ́ḿbà.

4. Ọ̀nà ìtọ́jú mẹ́rin

4.1 Títẹ eyín síta

Ọ̀nà yìí ni ó rọrùn jù. Oníṣègùn lè lo àwo ike tí ọmọ lè bọ́ fúnra rẹ̀, tí súkúrúù wà ní àárín rẹ̀. Ó sì lè lo wáyà irin tí kì í dípẹtà, tí wọ́n ká ní ibi mẹ́rin kí ó lè máa ta bíi sípíríìngì, irú èyí tí Robert Ricketts mú gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1970. Agbára rẹ̀ kéré, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nínú ọmọ kékeré, ojú-ìránpọ̀ lè ṣí díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tí ó ti dàgbà, eyín ni ó ń tẹ̀ síta, egungun kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Bí híhá náà bá mọ sára eyín, èyí tó. Bí ó bá jẹ́ ti egungun, kò tó.

4.2 Líla ojú-ìránpọ̀

Ní ọdún 1860, Emerson Angell, oníṣègùn eyín ní San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn nípa ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé díẹ̀ ní 14. Ó fi jáàkì kékeré kan há àárín eyín òkè ọmọ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àlàfo ti yọ láàárín eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì. Angell ní egungun ni ó là. Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà, kò sì sí àwòrán tí ó lè fi dá wọn lójú, nítorí pé ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen tó ṣàwárí ìtànṣán X-ray. Ọ̀rọ̀ náà kò tún gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di ọdún 1961, nígbà tí Andrew Haas gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀ àti lára ènìyàn jáde. Ó fi hàn pé ojú-ìránpọ̀ a máa là ní tòótọ́, àti pé inú imú a máa fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1968, William Biederman gbé èyí tí ó jẹ́ irin nìkan jáde, kí oúnjẹ má baà há sábẹ́ ike.

Ohun èlò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní afẹ-àjà. Kò yẹ kí á pa fáwẹ́lì jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá kọ ‘afẹjà’ láìsí àmì ohùn, afẹ́jà, ẹni tí ń wá ìjà, ni òǹkàwé yóò pè é. Ìṣesí rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí ó bá ti rí mẹkáníìkì lẹ́nu iṣẹ́: jáàkì tí wọ́n dà dùbúlẹ̀ ni, tí ó ń ti ọ̀tún àti òsì dípò kí ó máa gbé ọkọ̀ sókè. Wọ́n a fi símẹ́ńtì eyín lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín ẹ̀yìn. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀, ìdámẹ́rin ìyípo kan ń fẹ̀ ẹ́ ní 0.25 mìlímítà. Bí oníṣègùn bá ní kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, 0.5 mìlímítà ni lójúmọ́ kan, iṣẹ́ náà kì í sì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Níwájú ni egungun ti ń là jù, bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó fẹ̀ ni ó jẹ́ ti egungun. Eyín náà a máa tẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyí tí oníṣègùn fi ń fẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ó fẹ́ kí ó dúró sí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a fi afẹ-àjà sílẹ̀ lẹ́nu láìyí i fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí egungun tuntun lè kún ojú tí ó là. Bí wọ́n bá yọ ọ́ ṣáájú ìgbà náà, páárì lè padà sí ibi tí ó ti wá.

4.3 Líla pẹ̀lú súkúrúù inú egungun

Bí ojú-ìránpọ̀ bá ti ń le, eyín tí afẹ-àjà so mọ́ ni yóò máa gba gbogbo agbára náà. Bí wọ́n bá fi ipá ṣe é fún àgbàlagbà, eyín lè ti ara rẹ̀ kọjá etí egungun, èrìgì lè ká kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀, ìrora a sì pọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi súkúrúù kéékèèké de afẹ-àjà mọ́ egungun àjà ẹnu fúnra rẹ̀. Kee-Joon Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kòríà Gúúsù ròyìn irú èyí ní ọdún 2010. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ojú-ìránpọ̀ wọn ń là fún un, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ.

4.4 Gígé egungun

Bí egungun bá ti di ọ̀kan, ọ̀bẹ ni ó kù. Láti ọdún 1938, nígbà tí Brown ṣàpèjúwe rẹ̀, ni ọ̀nà yìí ti wà. Oníṣẹ́-abẹ a gé egungun páárì òkè lókè gbòǹgbò eyín, nítorí pé ibi tí páárì ti so mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń dí i lọ́nà, a sì tún la àárín àjà ẹnu. Kì í ṣe òun ni ó ń fẹ̀ ẹ́ tán lójú kan náà. Afẹ-àjà ni wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àgbàlagbà tí wọ́n bá sọ fún pé ‘wọn yóò fẹ àjà ẹnu rẹ’, láìsọ fún un pé wọn yóò gé egungun, ẹni tí wọ́n tàn jẹ ni.

5. Èdè tí òbí yóò fi yí kọ́kọ́rọ́

Nínú ilé ni iṣẹ́ afẹ-àjà ti ń lọ, òbí sì ni ó sábà máa ń yí i. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ tí kò péye ti lè ṣe ibi. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó yí i ‘lẹ́ẹ̀kan’, ó lè yí i po, èyí tí í ṣe ìdámẹ́rin ìyípo lọ́nà mẹ́rin. Gbólóhùn tí ó yè kooro ni èyí: kí ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò tí ó wà níwájú, kí ó tì í sẹ́yìn sí ọ̀nà ọ̀fun títí ihò mìíràn yóò fi yọ níwájú, kí ó tó fa kọ́kọ́rọ́ náà jáde. Bí ihò tuntun kò bá tíì hàn, yíyí náà kò tíì pé. Okùn ni wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, kí ọmọ má baà gbé e mì.

Àmì pé ojú-ìránpọ̀ ti là ni àlàfo tí ó máa ń yọ láàárín eyín iwájú òkè. Yorùbá mọ irú àlàfo bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní èjí. Ẹwà ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe èjí àbínibí, okùn inú èrìgì a sì máa fa eyín méjèèjì padà sọ́dọ̀ ara wọn láàárín oṣù mélòó kan. Èjí ìgbà díẹ̀ ni ó yẹ kí á pè é. Orúkọ náà yóò fi òbí tí ẹ̀rù ń bà lọ́kàn balẹ̀, yóò sì sọ fún ọmọ tí inú rẹ̀ dùn sí i pé kò ní pẹ́ lọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Híhá àjà ẹnu kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúró dè kí ó fúnra rẹ̀ san, nítorí pé ìtọ́jú tí ó rọrùn lónìí lè di ti ọ̀bẹ lọ́la. Bí orúkọ bá sọ ohun tí ó ń yẹ̀, aláìsàn yóò lè béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó ṣe kókó: ṣé eyín ni, ṣé ojú-ìránpọ̀ ni, àbí egungun tí wọn yóò gé?

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá:

Páárì òkè: egungun tí eyín òkè dúró lé.
Ìpàdé eyín: ọ̀nà tí eyín òkè gbà ń kan ti ìsàlẹ̀.
Ìpàdé òdì: ìpàdé tí eyín òkè ti bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀.
Ojú-ìránpọ̀: ibi tí egungun méjì ti pàdé kí wọ́n tó di ọ̀kan.
Títẹ eyín síta: fífẹ̀ tí eyín nìkan ń yẹ̀.
Líla ojú-ìránpọ̀: fífẹ̀ tí egungun ń là láìlo ọ̀bẹ.
Gígé egungun: fífẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ ń ṣáájú rẹ̀.
Afẹ-àjà: ohun èlò onijáàkì tí wọ́n ń fi fẹ àjà ẹnu.
Èjí ìgbà díẹ̀: àlàfo eyín iwájú tí líla ojú-ìránpọ̀ ń mú wá.