Owó Orí Lórí Ọjà Àkójọ: Ìlàlóye fún Àwọn Tó Ń Tajà Lórí Ayélujára ní Lekki àti Ajah

Àwọn tí ìwé yìí wà fún

Láti Lekki Phase 1 títí dé Sangotedo, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ta ohun àtijọ́ àti ohun ọ̀wọ́n láti inú yàrá wọn. Àwọn kan ń ta àwo orin Haruna Ìṣọ̀lá àti ti Fẹlá. Àwọn kan ń ta pọ́n-ùn àti ṣílè tí a ń ná kí náírà tó dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973, tàbí ohun ìrántí FESTAC ọdún 1977, ère gbígbẹ́, iyùn, aṣọ òkè ayé àwọn ìyá ńlá wa, káàdì agbábọ́ọ̀lù, bàtà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe púpọ̀. Sìtáǹbù náà wà níbẹ̀: ọdún 1874 ni Èkó kọ́kọ́ ní sìtáǹbù tirẹ̀, àwọn tó ń kó sìtáǹbù jọ káàkiri àgbáyé sì ń wá a títí di òní. Orí Instagram, WhatsApp, Facebook, Jiji àti eBay ni wọ́n ń pàtẹ sí. Dìsípáàṣì ló ń gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, àléètì báǹkì ló sì ń sọ pé owó ti wọlé. Ọjà àkójọ ni a ó máa pe gbogbo rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: ṣé ìjọba ní ìpín nínú owó yìí? Kì í ṣe ọjọ́ orí nǹkan tí ẹ tà ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹ ti tà á, kì í sì í ṣe iye àléètì tó wọlé. Bóyá òwò ni ẹ ń ṣe, àti èrè tó kù sí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ìnáwó, ni òfin ń wò.

Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Owó tí ẹ bá pa láti ọjọ́ náà lọ ni àwọn iye tó wà nínú ìwé yìí kàn.

Ẹrù ilé ẹni àti ọjà títà

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Badore. Ọkọ rẹ̀ di olóògbé, ó fi àpótí àwo orin kan sílẹ̀. Àwọn ọmọ ya fọ́tò àwọn àwo náà, wọ́n gbé e sórí Facebook, wọ́n sì tà á tán láàrin oṣù méjì. Ìyá yìí kò ṣòwò. Ẹrù ilé rẹ̀ ló tà, òfin sì ti yọ ẹrù ara ẹni tí iye rẹ̀ kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ kúrò nínú ohun tí a ń gba owó orí èrè lé lórí. Kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ lórí àwọn àwo náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nítòsí Abraham Adesanya, ní agbègbè Ajah, ní tirẹ̀. Tó bá di Sátidé, ó ń lọ sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ó ń ra àwo lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ palẹ̀ yàrá mọ́. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń tún páálí rẹ̀ lẹ̀, ó ń dá iye lé e, ó ń gbé e sórí Instagram. Irú àwo kan náà tó wà nínú àpótí ìyá Badore lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òwò ni tirẹ̀, èrè rẹ̀ sì jẹ́ owó tó ń wọlé fún un bí owó oṣù ti jẹ́ fún òṣìṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá di iyàn, àwọn ìbéèrè díẹ̀ ló máa ń là á. Nígbà tí ẹ ra nǹkan náà, ṣé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ni, àbí láti tún un tà? Báwo ló ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ yín? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ ń tà ni, àbí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀? Ṣé ẹ ṣàtúnṣe sí i kó lè lówó lórí? Ṣé ẹ yá owó láti rà á? Ṣé ẹ ń polówó? Ìbéèrè kan ṣoṣo kì í dá ẹjọ́ náà. Àpapọ̀ ìdáhùn ni a ń wò.

Àwọn tó wà láàrin méjèèjì ló ń kó sí wàhálà jù. Ẹnì kan fẹ́ràn owó àtijọ́ láti kékeré, ó ń kó o jọ fún ìfẹ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní méjì irú kan náà, ó ta ọ̀kan. Oníbàárà náà bèèrè òmíràn, ó lọ bá a wá a. Kó tó pé ọdún kan, ó ti ń ra mẹ́wàá kó lè ta mẹ́jọ, síbẹ̀ ó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó kàn ń ṣeré. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà á nítorí àtitún tà ni òwò ti bẹ̀rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn wa fún un ni pé kó ya tòwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìfẹ́ inú rẹ̀: àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà náà, bó bá ta ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ogún ọdún, kò ní ṣòro fún un láti fi hàn pé kì í ṣe ọjà.

Ohun kan ṣoṣo tí iye rẹ̀ ju ₦5 mílíọ̀nù lọ yàtọ̀, bí ẹni tó tà á kò tilẹ̀ jẹ́ oníṣòwò. Irú rẹ̀ kì í ṣe àlá lásán fún wa: ní ọdún 2018, àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà, tí ó wà lára ògiri ilé kan ní London, di títà ní ohun tó ju £1.2 mílíọ̀nù lọ. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà lára ògiri yín ní Lekki tí ẹ sì tà á, èrè orí rẹ̀, ìyẹn iye tí ẹ tà á lẹ́yìn tí ẹ bá yọ iye tí ẹ rà á, ni a ó fi kún owó tó wọlé fún yín lọ́dún náà.

Èrè ni a ń wò

Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìjọba máa gba owó orí lórí gbogbo owó tó wọ àkáǹtì wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ iye tí ẹ ra ọjà, owó dìsípáàṣì, páálí àti bébà tí ẹ fi dì í, dátà tí ẹ fi ṣòwò, owó ìpolówó, àti ohun tí eBay tàbí ilé iṣẹ́ ìsanwó yọ. Oúnjẹ ilé àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò sí lára rẹ̀. Ohun tó bá kù ni èrè.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ń gbé ilé ayálégbé, òfin gbà yín láàyè láti yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ẹ san lọ́dún, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Fún àwọn ará Lekki tí owó ilé wọn ga, ₦500,000 yìí ni wọ́n máa bá pàdé. Owó ìfẹ̀yìntì àti owó adójútòfò ẹ̀mí náà ṣe é yọ.

Ó wá kan owó orí fúnra rẹ̀. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. ₦9 mílíọ̀nù tó tún tẹ̀ lé e, ìdá 18. ₦13 mílíọ̀nù, ìdá 21. ₦25 mílíọ̀nù, ìdá 23. Ohun tó bá ju ₦50 mílíọ̀nù lọ, ìdá 25.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Láàrin ọdún kan ó ta àwo ₦6,400,000. ₦2,900,000 ló fi ra àwọn àwo náà. Ìrìnnà, dìsípáàṣì, dátà àti ìpolówó jẹ́ ₦600,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,900,000. Ó ń san ₦1,500,000 fún ilé, ó yọ ₦300,000 nítorí rẹ̀, ó ku ₦2,600,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ₦1,800,000 tó kù jẹ́ ₦270,000. Ohun tó máa san fún gbogbo ọdún náà nìyẹn.

Ká ní kò kọ iye tó ra àwọn àwo náà sílẹ̀ ńkọ́? Òṣìṣẹ́ owó orí lè fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n èrè fún un, ẹnu lásán kò sì ní tó láti já a.

Bí ẹ bá ń gba owó oṣù

Owó orí tí ọ̀gá yín ń yọ lóṣooṣù, ti owó oṣù nìkan ni. Èrè ọjà àkójọ máa gun orí rẹ̀ ni. Kò ní ₦800,000 ọ̀fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan tí owó oṣù rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣe é yọ, jẹ́ ₦3,600,000 lọ́dún ti wọ ìpele ìdá 18. Bó bá jèrè ₦1,000,000 lórí bàtà tó ń tà ní òpin ọ̀sẹ̀, ₦180,000 ni owó orí rẹ̀. Ẹ má ṣe ná gbogbo èrè tán kí ìṣirò tó dé.

Àwọn owó tí kì í ṣe owó orí yìí

₦50 tí báǹkì ń yọ nígbà tí ènìyàn bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ kì í ṣe owó orí èrè yín. Láti ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti owó ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ń gbà kò rọ́pò owó orí èrè náà.

Ohun kan tún wà tó ń dá àwọn ènìyàn lójú púpọ̀ tí kò sì tọ̀nà. Wọ́n gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ kì í san owó orí. Ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Bó bá jẹ́ orúkọ òwò nìkan lẹ fi sílẹ̀ ní CAC, tàbí tí ẹ kò fi ohunkóhun sílẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni òwò náà, ìpele owó orí tí a kà lókè yìí ló sì kàn yín.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹni tó ta ọjà àkójọ fún yín kì í sábà fún yín ní rìsíìtì. Bàbá àgbàlagbà tí ẹ bá ní Abẹ́òkúta, tó ta owó ìgbà pọ́n-ùn fún yín láti inú àpò aṣọ, kò ní ìwé rìsíìtì. Ẹ fúnra yín kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, ibi tí ẹ ti rà á, ohun tí ẹ rà, iye, àti nọ́ńbà ẹni tó tà á. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì dípò kí ẹ ka owó sí i lọ́wọ́, kí àkọsílẹ̀ báǹkì lè jẹ́rìí yín. Lẹ́tà ìbéèrè lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iye tí ẹ rà á ni ohun tó máa ń sọnù jù nígbà náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń dín owó orí kù. Òfin ní kí ẹ tọ́jú ìwé yín fún ọdún mẹ́fà.

Bí ẹ bá ń gba dọ́là tàbí pọ́n-ùn, ẹ kọ iye rẹ̀ ní náírà ní ìwọ̀n pàṣípààrọ̀ tí ìjọba ń lò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé, owó tó pa nílẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú wà nínú ìṣirò.

Ìbátan tó ń bá yín tà á ní London

Àwọn kan ń kó ọjà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Peckham kó bá wọn tà á lórí eBay níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ilé iṣẹ́ bí eBay àti Vinted ti ní láti ròyìn fún HMRC, àjọ owó orí ilẹ̀ Britain, nípa ẹni tó bá ta ohun 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, tàbí tí owó ọjà rẹ̀ ju nǹkan bí £1,700 lọ. Orúkọ ìbátan yín ni wọ́n máa rí. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀, kó hàn ẹni tó ni èrè, kí ẹ má baà kó ẹbí yín sí ìyọnu. Àdéhùn tó wà láàrin Nàìjíríà àti Britain láti ọdún 1987 kò fẹ́ kí ènìyàn kan san owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí ohun tí a bá san níbẹ̀.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ tà bó ṣe wù wá

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí, ṣùgbọ́n kò yẹ ká dákẹ́ lórí rẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 1979, ère àti iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí a ti ṣe ṣáájú ọdún 1918, àti ohun tí a ti lò nínú ìbọ tàbí ayẹyẹ ìṣẹ̀ǹbáyé, wà lábẹ́ àbójútó NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ, ẹni tí àjọ náà sì fún láṣẹ nìkan ni a lè tà á fún. Ère ìbejì tó wà nínú yàrá ìyá àgbà lè jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ayélujára.

Bí ẹ ṣe máa san án

LIRS, àjọ owó orí ìpínlẹ̀ Èkó, ni àwọn tó ń gbé Lekki àti Ajah ń san owó orí ara ẹni fún, ibi yòówù kí oníbàárà wọn wà. Nọ́ńbà NIN yín ni ẹ máa fi dá ara yín mọ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí etax.lirs.net, ẹ kọ owó tó wọlé, èrè àti ohun tí ẹ yọ sínú fọ́ọ̀mù. Owó ọdún 2026, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ LIRS kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2027 tó kọjá. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 náà fi ìwé ránṣẹ́. Ìwé yẹn ló máa fi hàn pé kò jẹ gbèsè.

Ẹni tó bá kọ̀ láti fi ìwé ránṣẹ́ lè san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦270,000 máa jẹ ìtanràn ₦300,000 láàrin oṣù márùn-ún.

Ẹ má ṣe ka owó sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bó tilẹ̀ wọ aṣọ òṣìṣẹ́. Orí ẹ̀rọ tàbí báǹkì ni kí ẹ ti san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí iye tí wọ́n dá lé yín kò bá tọ́ lójú yín, ẹ ní ọjọ́ 30 láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé láti kọ̀wé ta kò ó: ẹ sọ iye tí ẹ gbà pé ó tọ́ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì so àkọsílẹ̀ yín mọ́ ọn. Bí ọjọ́ 30 náà bá kọjá láìsí lẹ́tà yín, iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé yín ló máa dúró.